Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé àti Àwọn Ẹ̀dá Tí Ń Bá Wa Gbé Ibẹ̀: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín

Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa ní Ìbàdàn ni ìwé ti ń wọlé sí ọ́fíìsì wa láti ọwọ́ àwọn òǹkàwé tí wọ́n ń dá ọgbà kékeré sí ẹ̀yìnkùlé wọn. Púpọ̀ nínú àwọn ìwé náà kò dá lórí ẹ̀fọ́ rárá, bí kò ṣe lórí àwọn ẹ̀dá tí ń wá síbi tí ẹ̀fọ́ bá wà: ẹyẹ, aláǹgbá, labalábá, àní ejò pàápàá. A yan márùn-ún nínú wọn fún ìtẹ̀jáde yìí, a sì fi orúkọ àwọn tó kọ wọ́n pamọ́.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni, Bódìjà sì ni a ń gbé. Baálé mi ti da sìmẹ́ǹtì sí gbogbo àgbàlá, àfi ilẹ̀ tóóró kan tó kù láàárín kànga àti fẹ́ǹsì. Mo fẹ́ máa gbin ẹ̀fọ́ tí a ó máa jẹ, mo sì fẹ́ràn láti máa wo ẹyẹ. Ṣé ilẹ̀ náà tó fún ohun méjèèjì, kí sì ni kí n kọ́kọ́ gbìn?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú oríire ìfẹ̀yìntì. Ilẹ̀ náà tó, bí ó bá ṣáà ti ń rí oòrùn fún bíi wákàtí mẹ́fà lójúmọ́. Sìmẹ́ǹtì Bàbá pàápàá kò lè dí yín lọ́wọ́, nítorí pé bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti sán, àpò ìrẹsì àti táyà àtijọ́ máa ń gba ewédú àti tẹ̀tẹ̀ dáadáa, bí ẹ bá ti lu ihò sí ìdí ohun tó ní ìdí kí omi má baà dúró sínú rẹ̀. Ilẹ̀dú ni kí ẹ kó sí i, kí ẹ po ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà mọ́ ọn. Ẹ má ṣe lo ìgbẹ́ adìẹ tútù, nítorí pé ó máa ń jó gbòǹgbò ohun ọ̀gbìn.

Òjò Ìbàdàn máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta, ó máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, yóò sì tún padà kí ó tó lọ pátápátá ní nǹkan bí ìparí oṣù kẹwàá. Ewédú, tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni ẹ ó ti máa já nínú wọn. Hóró ewédú ní èèpo líle, ìdí nìyí tí àwọn ìyá àgbà fi máa ń da omi gbígbóná lé e lórí fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí wọ́n tó gbìn ín. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò kàn jókòó sínú ilẹ̀ láìhù. Gbúre àti ewúro kò fẹ́ hóró, igi wọn ni a ń gé gbìn. Ní ti tòmátì, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ fi í sílẹ̀ di ìgbà àrọ̀kúrò, torí pé bí òjò bá pọ̀ jù lórí rẹ̀, àrùn ni yóò kọ́kọ́ so kí ó tó so èso. Bí ẹ bá fẹ́ irúgbìn tó dájú, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣe ìwádìí nípa èso àti ẹ̀fọ́, NIHORT, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1975, wà ní Ìdí-Ìṣin ní Jẹ́ríkò, kò jìnnà sí yín.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a dé orí àwọn ẹyẹ, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ìbéèrè yín ti dùn mọ́ wa. Ẹyẹ kì í wá síbi tí ohun tí yóò jẹ kò bá sí, ọgbà tí a sì ń já gbogbo ewé rẹ̀ mọ́lẹ̀ kò ní oúnjẹ kankan fún wọn. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń já tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ, ẹ fi igi méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ kí wọ́n yọ òdòdó kí wọ́n sì so hóró. Àwọn ẹyẹ kéékèèké tí wọ́n fẹ́ràn hóró, ológoṣẹ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, yóò máa wá so mọ́ orí igi náà, hóró tó bá sì jábọ́ lẹ́nu wọn ni yóò hù fún yín nígbà tí òjò bá tún dé. Ẹ gbin ata wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì. Ẹnu ẹyẹ kì í mọ ata lára bí ẹnu tiwa tàbí ti ewúrẹ́. Wọn a gbé èso náà mì tòun ti hóró, wọn a sì yàgbẹ́ hóró náà síbi tí wọ́n bá bà lé. Ìdí nìyí tí igi ata fi máa ń hù lábẹ́ fẹ́ǹsì àti lábẹ́ wáyà iná láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín.

Bí ààyè bá gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ gbìn ín sí ibi tí omi ìfọṣọ ń ṣàn gbà, kí ẹ sì má ṣe tètè gé òdòdó rẹ̀ dànù nígbà tó bá ń rọ̀ sílẹ̀. Ẹyẹ tín-ín-rín kan, tí ẹnu rẹ̀ gùn tó sì tẹ̀, yóò máa wá fa omi inú òdòdó náà láàárọ̀. Akọ rẹ̀ a máa dán bí oòrùn bá kọ lù ú, abo rẹ̀ kò sì ní ẹ̀ṣọ́ púpọ̀ lára. Ìbẹ́pẹ náà dára. Ẹ jẹ́ kí èyí tó wà lókè pátápátá, tí ọwọ́ kò tó, jẹ́ ti àwọn ẹyẹ. A kò rí ìdí tí ènìyàn yóò fi gun àkàbà nítorí ẹyọ ìbẹ́pẹ kan. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi igi ṣe ọgbà yí ilẹ̀ náà ká, akòko ni a ó yàn, igi tí a ń fi ewé rẹ̀ jẹ oyè, nítorí pé bí a bá ti ń gé e ni ó ń rúwé, òdòdó rẹ̀ tó ní àwọ̀ elésè àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́ sì máa ń pe oyin.

Ìbéèrè: Àwọn ọmọ mi máa ń sọ òkò lu aláǹgbá kiri àgbàlá wa ní Apẹtẹ, ìyàwó mi sì máa ń fi ìgbálẹ̀ pa ọmọ́nílé, ó ní ó lóró, pé bí ó bá bọ́ sínú ọbẹ̀, yóò pa gbogbo ilé. Òwìwí kan tún wà lórí igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé, àwọn alájọgbélé sì ní kí a gé igi náà lulẹ̀. Kí ni òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí?

Ìdáhùn: Ọmọ́nílé kò ní oró. Kò sí oró ní ẹnu rẹ̀, kò sí ní ìrù rẹ̀, kò sì sí ní awọ rẹ̀. Ohun tó wà ni pé ìgbẹ́ rẹ̀ lè ní kòkòrò àrùn tí ń fa inú rírun nínú, nítorí náà ó tọ́ kí a bo ọbẹ̀, kí a sì da ọbẹ̀ tó bá bọ́ sí nù, gẹ́gẹ́ bí a ó ti ṣe bí eku bá bọ́ sí i. Ẹ bá wa bẹ ìyá àwọn ọmọ: ẹ̀fọn, aáyán kéékèèké àti àwọn kòkòrò tí ń yí gílóòbù ká lálẹ́ ni oúnjẹ ẹ̀dá yìí.

Ní ti aláǹgbá, èrò wa ni pé kí ẹ fún àwọn ọmọ ní iṣẹ́ dípò òkò. Ẹ ní kí wọ́n jí ní kùtùkùtù kí wọ́n wo akọ aláǹgbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ihò ògiri. Wọn yóò rí i pé ara rẹ̀ ṣókùnkùn, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní àwọ̀ kankan. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti mú un lára díẹ̀, orí rẹ̀ yóò pọ́n, ara rẹ̀ yóò sì di aró. Ẹ ní kí wọ́n ka iye abo tó wà ní sàkáání rẹ̀, kí wọ́n sì wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí akọ mìíràn bá gun orí ògiri kan náà. Orí tó ń mì sókè mì sílẹ̀ yẹn kì í ṣe ìkíni. Ó ń sọ fún akọ kejì pé ilẹ̀ yìí ní onílẹ̀ ni, ó sì ń fi ẹwà han àwọn abo. Èèrà ni ó pọ̀ jù nínú ohun tó ń jẹ, ẹnikẹ́ni tí ìjàlọ bá sì ti ta lẹ́sẹ̀ rí yóò mọ irú oore tí èyí jẹ́. Ọ̀pọ̀lọ́ náà ń ṣiṣẹ́ fún yín lóru, ṣùgbọ́n omi funfun kan máa ń jáde láti ẹ̀yìn ojú rẹ̀ tó lè ṣe ajá ní jàǹbá bí ó bá gbé e sẹ́nu, nítorí náà kí àwọn ọmọ fọ ọwọ́ wọn bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án.

Ọ̀rọ̀ òwìwí ṣòro díẹ̀, torí pé ìgbàgbọ́ wọ inú rẹ̀, a kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tí àwọn òbí rẹ̀ kọ́ ọ. Ohun tí a lè sọ ni ohun tí ojú lè rí. Ẹ lọ sí ìdí igi máńgòrò náà ní ọ̀sán, ẹ óò rí àwọn ohun róbótó aláwọ̀ eérú tó wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ fi igi tú ọ̀kan palẹ̀. Irun eku àti egungun eku ni ẹ ó bá nínú rẹ̀, nígbà mìíràn agbárí eku odindi tòun ti eyín, nítorí pé òwìwí máa ń gbé eku mì lódindi, lẹ́yìn náà ni yóò pọ irun àti egungun tí kò dà nínú rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè tí eku ti ń kó àìsàn ibà Lassa ran ènìyàn, àwa kò ní gé igi tí irú ọdẹ bẹ́ẹ̀ ń sùn sí.

Ìbéèrè: Mo gbin ọsàn wẹ́wẹ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ní Mọ́níyà. Àwọn kòkòrò kan tó dà bí ìgbẹ́ ẹyẹ ń jẹ ewé rẹ̀ tán. Nígbà tí mo fọwọ́ kan ọ̀kan, ó yọ ìwo pupa méjì tí ń rùn. Mo ti ra ọ̀tápíàpíà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n kọ́kọ́ bi yín.

Ìdáhùn: Ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ dá ọ̀tápíàpíà náà dúró. Ohun tí ẹ rí ni ọmọ labalábá ńlá kan tí ara rẹ̀ dúdú, tó ní àmì pupa rúsúrúsú káàkiri ìyẹ́ rẹ̀ àti ojú pupa kékeré méjì ní ìsàlẹ̀; *Papilio demodocus* ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń pè é. Ewé ọsàn àti òroǹbó ni ó máa ń yé ẹyin lé. Nígbà tí ọmọ náà bá kéré, ó máa ń jọ ìgbẹ́ ẹyẹ kí ẹyẹ má baà jẹ ẹ́. Bí ó bá dàgbà díẹ̀, yóò di àwọ̀ ewé. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fọwọ́ kàn án, yóò na ìwo rẹ̀ jáde kí òórùn rẹ̀ lé onítọ̀hún sá. Kò ní oró, kì í sì í ta ènìyàn.

Àwọn àgbà ní kòkòrò tó jẹ ẹ̀fọ́ jàre ẹ̀fọ́, ìwọ̀nba ni ewéko ń dára mọ. Ṣùgbọ́n igi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì kò ní ewé tó pọ̀ tó láti fi ṣe sàárà, nítorí náà ẹ fi ọwọ́ ṣà wọ́n kúrò, kí ẹ gbé wọn lọ sórí igi òroǹbó ńlá kan ní àdúgbò tí kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀ bí ọkàn yín bá gbà á, kí ẹ sì máa wò ó lójoojúmọ́. Yóò so ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka pẹ̀lú okùn tín-ín-rín, yóò dákẹ́ bí ewé gbígbẹ, labalábá ni yóò sì jáde láti inú rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ni kí ẹ máa ṣọ́ ọ, nítorí pé ó máa ń dúró kí ìyẹ́ rẹ̀ gbẹ kí ó tó fò lọ.

Nípa ọ̀tápíàpíà fúnra rẹ̀, dichlorvos ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù, ohun náà sì léwu débi pé ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò kéékèèké rẹ̀ ní ọjà àti ṣọ́ọ̀bù gbogbo. Kì í dá kòkòrò búburú mọ̀ yàtọ̀ sí oyin, oyin ni ó sì ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó kiri kí ọsàn yín tó lè so dáadáa. Bí kòkòrò bá pọ̀ ju ohun tí ọwọ́ lè ṣà lọ, ẹ gún ewé dongoyaro, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, kí ẹ sì wọ́n ọn sára ewé ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oyin ti wọlé.

Ẹ̀dá kan wà tí a kò ní bẹ̀bẹ̀ fún, ìyẹn tata aláràbarà tí ń rùn, tó máa ń kóra jọ sórí ẹ̀gẹ́ àti ewé Akíntọ́lá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹyin rẹ̀ ni kí ẹ máa wá, kì í ṣe òun fúnra rẹ̀. Nígbà òjò ni àwọn abo máa ń péjọ síbi kan náà lábẹ́ òjìji láti yé e sínú ilẹ̀; bí ẹ bá ṣàkíyèsí ibẹ̀, tí ẹ sì fi ọkọ́ tú u síta kí oòrùn pa á, iṣẹ́ ọdún tó ń bọ̀ ti dínkù.

Ìbéèrè: Landlọ́ọ̀dù wa ní Àpáta ti ní kí a ṣán gbogbo ọgbà náà nítorí ejò. Kí ni kí a sọ fún un?

Ìdáhùn: Ẹ sọ fún Bàbá pé ẹ̀rù wọn tọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ kọ́ ni ó ń pe ejò. Eku ni ejò ń wá, oúnjẹ tó dànù sì ni eku ń wá. Ẹ kó ìdọ̀tí jìnnà sí ilé, ẹ bo àgbàdo adìẹ, ẹ palẹ̀ òkìtì búlọ́ọ̀kù àti igi ìdáná tó wà lẹ́bàá ògiri mọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí koríko ẹ̀bá ilẹ̀kùn àti ojú ọ̀nà kúrú. Ìpẹ̀kun ọgbà tó jìnnà sí ilé lè dùn ún wò láìṣán. Lálẹ́, kí ẹni tó bá fẹ́ kọjá níbẹ̀ wọ bàtà, kí ó sì tan tọ́ọ̀ṣì.

Bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ má ṣe sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fi okùn dì í pinpin, ẹ má sì fi ẹnu fa ẹ̀jẹ̀ náà. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó wú, ẹ má jẹ́ kí apá tàbí ẹsẹ̀ náà máa mì, kí ẹ sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, irú bíi UCH. Ẹ má ṣe fi àkókò ṣòfò láti lépa ejò náà.

Ìbéèrè: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mo sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹyẹ, ṣùgbọ́n n kò ní awò tí a fi ń wo ohun tó jìnnà, n kò sì mọ ibi tí ènìyàn ń lọ ní Ìbàdàn. Ẹyẹ kan wà tó ń ké lẹ́yìn ilé wa lásìkò òjò bí ẹni tó ń da omi láti inú ìgò, a kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rí i. Ṣé kí n máa da búrẹ́dì sílẹ̀ kí ó lè jáde?

Ìdáhùn: Àbúrò, ẹlulùú ni ẹyẹ yẹn, òun náà ni wọ́n ní ó fòjò pa ara rẹ̀. Dúdú wà ní orí àti ìrù rẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀, ó sì fẹ́ràn láti máa rìn nínú igbó dídí ju kí ó fò lọ. Kò ní jáde nítorí búrẹ́dì, torí pé tata, ìgbín àti aláǹgbá ni ó ń jẹ. Ní àárọ̀ lẹ́yìn òjò ńlá, ó máa ń gun orí fẹ́ǹsì láti ya ìyẹ́ rẹ̀ sí oòrùn. Ìgbà yẹn ni kí ẹ máa ṣọ́ ọ.

Ìwé kékeré àti bírò tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí, ohun tí ẹ rí àti ohun tó ń ṣe, àní bí ẹ kò bá tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, ìwé náà yóò sọ ohun tí ojú lásán kò lè sọ fún yín. Ẹ ó rí i pé lékeléke máa ń dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí yóò sì ṣí lọ sí òkè Ọya nígbà tí òjò bá pọ̀, àti pé àwòdì náà máa ń dín kù lójú sánmà láàárín òjò. Òwe àwòdì tó ń re Ìbarà kì í ṣe àsọdùn. Arìnrìn-àjò ni ẹyẹ náà ní tòótọ́. Bí igi ọ̀pẹ bá wà nítòsí yín, ẹ fara balẹ̀ wo ẹ̀gà. Akọ ni ó ń ya ewé ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ láti fi hun ilé, abo ni yóò wá wò ó bóyá ó tẹ́ òun lọ́rùn, bí kò bá sì rí abo tó gbà á, akọ náà lè fi ẹnu ara rẹ̀ tú ilé náà kí ó tún un hun.

Ní ti ibi tí ẹ lè lọ, ọgbà ewéko Yunifásítì Ìbàdàn àti ẹ̀bá omi Ẹlẹ́yẹlé dára fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. IITA, ilé-iṣẹ́ àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí nípa iṣẹ́ àgbẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1967 lórí ilẹ̀ tó tó nǹkan bí 1,000 hẹ́kítà, ní igbó kan tí wọ́n dá sí, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ kí ẹ tó wọlé. Nínú igbó yẹn ni a ti lè rí ẹyẹ kan tó ń jẹ́ orúkọ ìlú wa, *Malimbus ibadanensis*, ìbátan ẹ̀gà, tó dúdú tó sì ní pupa lórí àti láyà. J. H. Elgood, tó ń kọ́ni nípa ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn nígbà náà, ni ó kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ní ọdún 1958. Ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n ní gbogbo ayé, ó sì wà lára àwọn ẹyẹ tó wà nínú ewu àkúrun. Bí ẹ bá ti mọ orúkọ ẹyẹ bí ogún sí ọgbọ̀n, ẹ lè dara pọ̀ mọ́ àwọn tí ń kó àkọsílẹ̀ jọ fún Nigerian Bird Atlas Project, tí wọ́n ń fi fóònù ṣe àkọsílẹ̀ ẹyẹ tí wọ́n rí.

Dípò búrẹ́dì, omi ni kí ẹ gbé síta, pàápàá nígbà ọyẹ́. Abọ́ amọ̀ tí kò jìn ni kí ẹ lò, kí ẹ fi òkúta kan sí àárín rẹ̀ kí ẹyẹ lè rí ibi dúró sí, kí ẹ sì gbé e síbi gbangba tí ológbò kò ti lè ba ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ máa da omi náà nù ní ọjọ́ méjì-méjì kí ẹ sì fọ abọ́ náà, nítorí pé láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni ẹyin ẹ̀fọn tó bá wà nínú rẹ̀ lè di ẹ̀fọn tí ń fò.